Ìkéde Ti Jáde, Iṣẹ́ Ńkọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìròyìn ẹ̀rọ àti òfin ìjọba

A kọ èyí fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Takie, fún ọmọ LAUTECH tó ń gbé ní Under-G, fún ìyá tó ń tajà ní Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, àti fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ìjọba ti gbé nǹkan tuntun dé tí kò sì mọ̀ bóyá kí òun sáré tàbí kí òun jókòó. Ìkéde ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Àárín méjèèjì ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Mo gbọ́ ìròyìn kan lórí rédíò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó kàn mí?

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó pàṣẹ. Ní Nàìjíríà, àjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí òfin fi sí ìkáwọ́ rẹ̀: NCC ló ni ọ̀rọ̀ fóònù àti dátà, NIMC ló ni NIN, CBN ló ni owó àti báńkì, NBC ló ni rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, NERC ló sì ń ṣàkóso iná mànàmáná láti òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Mínísítà lè sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí ilẹ̀ sì ṣú láìsí ìwé àṣẹ kankan. Títí ìwé yẹn yóò fi jáde, èrò ni, kì í ṣe òfin.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. "Ìjọba ń gbèrò" kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. "Ìjọba ti fọwọ́ sí i" túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀, ọjọ́ lè má tíì dé. "Yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ báyìí" ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ wá béèrè ohun méjì sí i: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá ṣe é, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Ìkéde tí kò bá dáhùn ìbéèrè kejì yìí, àpò ará ìlú ló sábà máa ń já sí.

Gbèdéke tí ìjọba ń fún wa, ṣé wọ́n máa ń dúró lórí rẹ̀?

Oríṣi gbèdéke méjì ló wà, ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn kò ní sáré asán. Ọ̀kan ni èyí tí èèyàn fi ẹnu dá. Èkejì ni èyí tí iṣẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dá.

Ti àkọ́kọ́ máa ń yẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020, NCC ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù ti ìlà tí kò bá ní NIN pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn tò sínú oòrùn ní ọ́fíìsì NIMC, nígbà tí àìsàn kòrónà ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n sún ọjọ́ náà, wọ́n tún un sún, títí wọ́n fi wá dí ìpè jíjáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ti tẹlifíṣọ̀n alájèémọ́-nọ́ńbà (digital) náà rí bẹ́ẹ̀: ọdún 2012 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ fojú sí, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Geneva ọdún 2006 sì gbà sí ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015. Ọjọ́ méjèèjì kọjá. Jos ló kọ́kọ́ rí i, ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ó dé Ìlọrin tó múlé gbe Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn náà.

Ti owó náírà tí wọ́n pa láró tuntun ló dùn wá jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni CBN kéde pé 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ kò ní ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a padà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó ní kí owó àtijọ́ máa ná títí di òpin ọdún, ó sì tún gbà á láàyè láìlọ́jọ́ nígbà tí oṣù Kọkànlá fẹ́ parí. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn tó ń ta ata àti gààrí ti ta ọjà wọn ní àdánù nítorí oníbàárà kò rí owó tuntun gbà ní báńkì. Ọjọ́ tí wọ́n sún kò dá àdánù yẹn padà fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé kí ẹ má fi gbèdéke ṣeré, kí ẹ má sì jẹ́ kó bà yín lẹ́rù débi pé ẹ ó san owó ẹ̀gúnjẹ nítorí rẹ̀.

Gbèdéke kejì kì í yẹ̀. Ọ̀rọ̀ mítà ni ẹ̀rí rẹ̀.

Wọ́n ní gbogbo mítà alásanṣáájú yóò kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?

Òótọ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ ni kò dáa. Tókìn onínọ́ńbà 20 tí ẹ ń rà ní ọjọ́ tí a tà á nínú, tí a tẹ̀ mọ́ àárín nọ́ńbà yòókù. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ka ọjọ́ náà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìkà yìí gba ìṣẹ́jú 16,777,216 péré, èyí tí ó tó ọdún 31 àti oṣù mẹ́wàá lé díẹ̀. Ó kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Kì í ṣe ìjọba ló dá ọjọ́ náà, kò sì sí mínísítà tó lè sún un. Káríayé ni, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lo irú mítà yìí.

Mítà kì í kú. Iná tó wà nínú rẹ̀ kì í parẹ́. Tókìn tuntun ni mítà tí a kò tíì yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà (ìyẹn nọ́ńbà àṣírí inú mítà tó fi ń ka tókìn) kò ní gbà. Ẹni tó sọ fún yín pé ẹ ní láti ra mítà tuntun nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ń wá owó yín.

Mítà tó wà nílé mi ò tíì gba àyípadà yẹn, bóyá nítorí ilé ti ṣófo pẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ra iná bí ẹ ṣe máa ń rà á. Nọ́ńbà mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20, ni ó yẹ kí ẹ rí gbà: méjì àkọ́kọ́ ni ti kọ́kọ́rọ́, ẹ̀kẹta ni iná tí ẹ rà. Bí rìsíìtì bá gbé ẹyọ kan péré wá, tí mítà sì kọ̀ ọ́, ẹ gbé nọ́ńbà mítà lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná tó sún mọ́ yín, kí wọ́n fún yín ní méjì tó kù. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ tẹ àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí, kí ẹ dúró kí mítà fèsì. Ẹ tẹ èkejì, kí ẹ tún dúró. Ẹ wá tẹ ti iná. Ẹ má ṣe yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra padà: bí ẹ bá fi ti iná síwájú, mítà yóò kọ̀ ọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó máa fi kà á kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ kò pọ̀. Àwọn kan tẹ ti àkọ́kọ́, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ di ọ̀la, mítà sì gbàgbé. Àwọn mìíràn ka 6 sí 8 lórí ìwé rìsíìtì tí ó ti ṣá. Ẹ ka á ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹlòmíràn máa bá yín wò ó. Bí ẹ bá tẹ àṣìtẹ̀ léraléra, ọ̀pọ̀ mítà máa ń ti ara wọn pa fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ fún bíi wákàtí kan. Èyí tó burú jù ni tókìn àtijọ́ tí ẹ rà pamọ́ tí ẹ kò tíì tẹ̀ sínú mítà. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí padà, tókìn yẹn kò ní wọlé mọ́, àfi kí ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ lọ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ ohun tó wà nílẹ̀ tán kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ má sì sọ rìsíìtì nù.

Kí ni wọ́n ń pè ní Band A, kí ló dé tí iná aládùúgbò mi fi wọ́n ju tèmi lọ?

Wákàtí iná ni wọ́n fi pín wa. Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ni wọ́n fi band lé lórí, kì í ṣe ilé. Nítorí náà ilé méjì tó kọjú síra wọn lè wà lórí fídà ọ̀tọ̀tọ̀, kí owó wọn sì yàtọ̀. Ẹ wo rìsíìtì yín: ibi tí wọ́n kọ tariff sí ni lẹ́tà band yín wà, iye owó yúníìtì kan sì wà nítòsí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC gbé owó Band A láti bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó tún gòkè sí ₦209.50 ní oṣù Keje. Band yòókù kò yí padà nígbà yẹn.

Àṣẹ kan náà tó gbé owó gòkè ló tún fi ìlérí lé ilé iṣẹ́ iná lórí, apá yìí sì ni àwọn oníròyìn sọ díẹ̀ jù. Bí fídà Band A kò bá rí wákàtí 20 fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra wọn, ilé iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó lù. Bí ó bá di ọjọ́ méje tẹ̀léra, wọ́n gbọ́dọ̀ já fídà náà wálẹ̀ sí band tó bá iná tó ń gbà mu, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ pẹ̀lú. Àṣẹ yìí kò lè ran ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ kọ aago tí iná dé àti aago tí ó lọ fún ọjọ́ méje, kí ilé mẹ́ta mìíràn lórí fídà kan náà ṣe bákan náà. Ẹ ro wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ìwé mẹ́rin tó jọra ṣòroó sẹ́.

Mo ra iná ₦5,000. Ó yẹ kó tó yúníìtì mélòó?

VAT 7.5% ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Ẹ pín 5,000 sí 1.075, ó kù ₦4,651. Ẹ pín èyí sí owó yúníìtì kan. Lórí ₦209.50, ó jẹ́ 22.2. Lórí ₦225, ó jẹ́ 20.7. Lórí ₦68, ó lé ní 68. Bí ohun tó wà lórí rìsíìtì bá kéré ju èyí lọ dáadáa, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń yọ gbèsè àtijọ́ lára rẹ̀. Ó máa ń wà lórí ìwé náà, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí gbèsè yẹn ti wá, pàápàá bó bá jẹ́ ti ayálégbé tó ti kó jáde.

Kí ẹ mọ ibi tí yúníìtì ń lọ: áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, ẹ̀rọ omi 1 hp ń jẹ bíi 0.75, sítóòfù oníná 2,000 wáàtì ń jẹ méjì. Fáànù oní-75 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ kò ju 0.6 lọ.

Transfọ́mà àdúgbò wa jóná. Wọ́n ní ká dáwó jọ ká rà á. Ṣé òfin ni?

Òfin kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ rà á. Ìlànà NERC ti ọdún 2015 lórí owó tí a ń ná sí wáyà àti ẹ̀rọ iná sọ pé bí àdúgbò bá fẹ́ ra ohun èlò fúnra wọn, àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí ìwé láàárín wọn àti ilé iṣẹ́ iná, kí ọ̀nà tí owó yóò gbà padà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù máa ń dáwó, wọ́n á ra á, wọ́n á gbé e kalẹ̀ tìlùtìfọn, ó sì di ti ilé iṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà láìsí ìwé kankan. Láìsí ìwé, owó náà kò ní padà. Kí ẹgbẹ́ onílé tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwọn, kí wọ́n sì dúró de èsì.

Wọ́n ti ìlà mi pa, wọ́n ní NIN mi ò bára mu. Mo sì ti fi sílẹ̀ fún wọn!

Fífi sílẹ̀ àti bíbáramu kì í ṣe ohun kan náà. Kọ̀ǹpútà ń wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí síìmù bá jẹ́ "Adewale" tí NIN sì jẹ́ "Wale", tàbí tí wọ́n kọ oṣù sí ibi tó yẹ kí ọjọ́ wà, ó lè kọ̀. Ìṣòro mìíràn ni síìmù tí wọ́n rà lẹ́bàá títì, tí ẹni tó tà á fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀.

Ẹ tẹ \*346# láti rí nọ́ńbà NIN yín, \*996# láti mọ̀ bóyá ó ti so mọ́ ìlà. Bí síìmù ló ṣì orúkọ kọ, ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù ni ẹ ó lọ, ẹ mú ìwé NIN dání. Bí NIN ló ṣì í kọ, NIMC ni. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló gbowó jù níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe é bí síìmù bá ni àṣìṣe wà lára rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ fún NIN jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí ẹ sì ṣọ́ nọ́ńbà 11 yẹn. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún yín láṣẹ láti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń ya fọ́tò ìwé NIN yín nítorí ó fẹ́ ta síìmù kò nílò láti fi pamọ́ sórí fóònù ara rẹ̀.

eNaira tí wọ́n pariwo rẹ̀, ibo ló wọlé sí?

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni CBN ṣí i, owó náírà orí ẹ̀rọ ni, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìwádìí kan tí àwọn òṣìṣẹ́ IMF gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nínú ọ̀sẹ̀ kan, 98.5% àwọn àpamọ́ tí wọ́n ṣí ni ẹnikẹ́ni kì í lò. Kò yà wá lẹ́nu. Ohun tó ń ṣe, báńkì lórí fóònù àti POS ti ń ṣe é fún wa tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá tán ìṣòro tí ẹni tó ń lò ó mọ̀, ìpolówó kò lè gbé e dúró.

Owó dátà ti gòkè. Ṣé wọ́n kàn fẹ́ jẹ wá run ni?

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni NCC gbà kí wọ́n fi ohun tí kò ju 50% lọ kún un, ó sì kéré gan-an sí 100% tí àwọn ilé iṣẹ́ béèrè. Láti 2013 ni wọn kò ti fọwọ́ kàn án. Epo dísù àti dọ́là ti yàtọ̀ gan-an láti ìgbà yẹn, èyí sì jẹ́ àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni kí owó gòkè kí nẹ́tíwọọ̀kì sì wà bákan náà. Ìyẹn ni ká máa bi wọ́n.

Lórí fóònù tiyín, ẹ wọ ètò WhatsApp, ẹ pa fídíò tó ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tan Data Saver. Fídíò 480p fún wákàtí kan ń jẹ bíi ìdajì GB, 720p ń jẹ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ìjọba ń yọ owó orí nínú gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì?

Rárá. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ń wo èrè tí èèyàn rí lọ́dún, kò sì gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kì í ṣe èrè. ₦50 tó ń jáde lórí owó tó bá tó ₦10,000 ti wà kí òfin yìí tó dé. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n wá gbé e lé lórí báyìí.

5G ńkọ́? Wọ́n ní òun ló fa kòrónà.

Oṣù Kejì ọdún 2020 ni kòrónà wọ Nàìjíríà. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ìwé àṣẹ 5G, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kòkòrò àìsàn kì í gba inú ìgbì rédíò kọjá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ líǹkì ìjọba àti ti ọ̀dàràn?

Ẹ wá àmì "/" àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn "https://", kí ẹ ka àdírẹ́sì láti ibẹ̀ lọ sí ọwọ́ òsì. Ti ìjọba àpapọ̀ ń parí sí .gov.ng. Bí ẹ bá rí "nimc.gov.ng.owo-ofe.xyz", xyz ni òpin rẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba rárá. Kò sí àjọ kankan tó ń béèrè OTP tàbí PIN lórí WhatsApp. Fídíò tí gómìnà ti ń sọ pé òun ń pín owó náà kò tó ẹ̀rí mọ́, nítorí ẹ̀rọ ti ń ṣe ohùn àti ojú èèyàn. Ẹ wá ìkéde náà lórí ojú òpó àjọ tó ni ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ, wọn ò dá mi lóhùn. Ibo ni kí n gbé e lọ?

Fún fóònù, ẹ kọ́kọ́ pe 300 lórí ìlà yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe 622 ti NCC, ọ̀fẹ́ ni. Láìsí nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ẹ gbà níbi àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wọn yóò dá yín padà sí. Bí àwọn ìpolówó ló ń dà yín láàmú, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442.

Fún iná, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ nìkan. Nọ́ńbà mítà, orúkọ fídà, band, ọjọ́ àti aago, ohun tí ẹ ń béèrè, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ojú ìwé kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí tiyín. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni ìlànà fún wọn láti yanjú rẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ ó mú lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso wọn, pẹ̀lú rìsíìtì iná oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn àti ìwé wákàtí tí ẹ ti ń kọ.